Ọkàn Tó Jókòó Nígbà Tí Ara Ń Sáré

Akọ̀wé ni gbogbo kíláàsì ń pè é, kò sì sí ẹni tó ń pe orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ nílé mọ́. Ohun tó sọ ọ́ di Akọ̀wé kò le. Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni, ó rí pẹ́lẹ́ńgẹ́, kò sì sí ohun tó máa ṣẹlẹ̀ nínú láàbù tàbí lórí pápá tí kò ní kọ sílẹ̀. Bí omi bá hó ní ìṣẹ́jú mẹ́rin lé díẹ̀, "lé díẹ̀" yẹn ò ní tẹ́ ẹ lọ́rùn, àfi kó wo aago kó tó fi bíírò kan ìwé. Bí bọ́ọ̀lù bá bà á nímú nígbà eré ìdárayá, á kọ́kọ́ nu imú, á wá kọ ibi tí bọ́ọ̀lù ti wá.

Ẹ má rò pé gbogbo wọn ló rí bẹ́ẹ̀ o. Àwọn yòókù ní iṣẹ́ ọwọ́ kan tí wọ́n ń pè ní lílọ nọ́ńbà. Bí èsì tí wọ́n rí nínú láàbù bá yàtọ̀ sí èyí tó wà nínú ìwé, wọ́n á rọra tún un ṣe títí á fi jọ ti inú ìwé, bí ìgbà téèyàn ń lọ aṣọ tó rún. Àwọn míì tiẹ̀ ti kọ èsì tán kí wọ́n tó ṣáná. Tíṣà sáyẹ́ǹsì mọ̀. Ìdí nìyẹn tó fi pàṣẹ pé lẹ́yìn gbogbo iṣẹ́ láàbù àti gbogbo eré ìdárayá, kí kálukú kọ ìdajì ojú ìwé nípa ohun tó rí àti ohun tó rò.

"Ẹ lè lọ nọ́ńbà," ló máa ń wí, "ẹ ò lè lọ ìrònú."

Ó tan ara rẹ̀ jẹ. Wọ́n ń lọ ìyẹn náà.

Akọ̀wé nìkan ni kì í bá wọn ṣe é. Tíṣà ti sọ ọ́ lójú gbogbo wọn pé bí Akọ̀wé bá ti kọ ọ́, ó rí bẹ́ẹ̀ nìyẹn, ọ̀rọ̀ náà sì dùn mọ́ ọmọ yìí débi pé ó kọ ọ́ sínú ìwé. Ohun tí mo fẹ́ sọ fún yín ni ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tó lọ nọ́ńbà láyé rẹ̀, àti ohun tó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀lé e kiri lẹ́yìn ìyẹn.

Ìka rẹ̀ ló kọ́kọ́ jó. Wọ́n ń yan àwọn hóró búlúù kan lórí iná nínú ìgò tẹ́ẹ́rẹ́, kí wọ́n lè rí i bí àwọ̀ rẹ̀ ṣe ń ṣí di funfun. Akọ̀wé fẹ́ mọ ìgbà náà gan-an tí búlúù tó kẹ́yìn máa pòórá, ló bá na ọwọ́ di ìgò mú níbi tí kò yẹ. Ìka méjì tó tẹ̀lé àtàǹpàkò ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ bó. Nọ́ọ̀sì ilé ìwé fi báńdéèjì wé méjèèjì pọ̀, ó ní kó máa wá láràárọ̀ kóun máa bá a pààrọ̀ rẹ̀.

Báyìí ni kò ṣe sí ní kíláàsì láàárọ̀ ọjọ́ tí tíṣà kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń ka lílù ọkàn ní ọrùn ọwọ́. Nígbà tó fi máa dé, wọ́n ti nu bọ́ọ̀dù, ó ku iye tó yẹ kí ọkàn máa lù ní ìjókòó àti lẹ́yìn eré sísá nìkan tí wọ́n fi sílẹ̀ ní igun. Ó kọ àkòrí ẹ̀kọ́ náà, ó da iye yẹn kọ sí igun, ó wá fi ìdajì ojú ìwé sílẹ̀ lófo. Ó ní tó bá yá, òun á dà á kọ nínú ìwé Ẹtu.

Ẹtu ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan náà. Eré sísá ló fún un ní orúkọ yẹn. Ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn, ẹnu rẹ̀ sì mú, ṣùgbọ́n ìwé rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ rí ohun jẹ. Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí i, àwọn tó ń ṣa eléré ìje fún ilé ìwé ńlá kan ń bọ̀ wá wo ìdíje wọn. Ọmọ tí wọ́n bá mú, ọ̀fẹ́ ló máa kàwé títí á fi parí. Bàbá Ẹtu, tó ń wa ọkọ̀ akẹ́rù, ti ń sọ ọ́ fún gbogbo ẹni tó bá jókòó tì í níwájú ọkọ̀ bíi pé wọ́n ti mú un tán.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan náà, tíṣà sáyẹ́ǹsì àti tíṣà eré kó gbogbo kíláàsì jáde sórí pápá. Tíṣà eré jẹ́ obìnrin kúkúrú kan tí ariwo fèrè rẹ̀ máa ń ṣáájú rẹ̀ dé ibi gbogbo. Ó pín wọn ní méjì-méjì. Ẹnì kan á jókòó, ẹnì kejì á ka lílù ọkàn rẹ̀ fún ìdajì ìṣẹ́jú, á sì sọ ọ́ di ìlọ́po méjì. Lẹ́yìn náà, ẹni tó jókòó á sá eré yí pápá po lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n á tún un kà.

Akọ̀wé dọ́gbọ́n wo àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó rí i pé ọrùn ọwọ́ ni wọ́n ń tẹ̀, ló bá gbá ti Ẹtu mú. Báńdéèjì kò jẹ́ kó rọrùn, ṣùgbọ́n ó tẹ àtàǹpàkò rẹ̀ mọ́ ibẹ̀, ó dákẹ́, ó ń retí. Kò gbọ́ nǹkan kan. Ó túbọ̀ tẹ̀ ẹ́. Nígbà tó yá, ó dé.

Kì. Kì. Kì. Ó wá dákẹ́.

Akọ̀wé rò pé òun ló sọ ọ́ nù. Kó tó wá a, mẹ́ta ti sáré tẹ̀ lé ara wọn, kìkìkì, bí ẹni tó pẹ́ lẹ́yìn tó ń lé àwọn ará ilé rẹ̀ bá.

"Ṣé o ti ń kà á?" Ẹtu bi í.

"Má sọ̀rọ̀."

"Ọ̀rọ̀ ò sí lọ́rùn ọwọ́ o."

Mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ló kà. Ìlọ́po méjì rẹ̀ kò tó ohun tí tíṣà kọ sójú bọ́ọ̀dù rárá. Kó tó lè sọ nǹkan, fèrè ti dún, Ẹtu ti dìde fùú. Ó yí pápá po lẹ́ẹ̀mejì bíi pé wọ́n rán an níṣẹ́ ọ̀nà jíjìn, ó padà wá ṣubú lulẹ̀ níwájú ọ̀rẹ́ rẹ̀, òógùn ń kán tó-tó-tó lágbọ̀n rẹ̀, àyà rẹ̀ ń lọ sókè sódò.

"Kà á kíá kó tó rọlẹ̀!"

Akọ̀wé tẹ̀ ẹ́. Kì. Kì. Kì. Ó dákẹ́.

Kò yí padà. Ẹtu ń mí hẹlẹhẹlẹ lójú rẹ̀, kò lè sọ gbólóhùn kan já geere, ṣùgbọ́n ohun tó wà lábẹ́ ìka Akọ̀wé rọra ń lọ jẹ́jẹ́, bí ẹni tó jókòó sórí àga. Bíi pé ẹlòmíì ló wà nínú Ẹtu, tí kò bá a sáré. Orí Akọ̀wé wú. Ó jọ̀wọ́ ọwọ́ náà bí ẹni tó fọwọ́ kan ohun tí kò mọ̀ nínú òkùnkùn.

"Ẹ mú nọ́ńbà yín wá!" tíṣà eré ké.

Ṣé kó béèrè ni? Àwọn tó kù ti ń pe nọ́ńbà wọn. Ojú tì í. Akọ̀wé kì í béèrè ohun tí gbogbo ayé ti mọ̀. Ó ní bóyá òun ni òun ò mọ̀ ọ́n kà. Ó wo igun ìwé rẹ̀ níbi tó da iye ojú bọ́ọ̀dù kọ sí, ó sì kọ méjìlélàádọ́rin fún ìgbà tí Ẹtu jókòó, mẹ́rìndínlógóje fún ìgbà tó sáré dé. Nọ́ńbà méjèèjì dán, wọ́n tẹ́ rẹrẹ, kò sí ibi tó rún lára wọn.

Ó wá kan òun náà. Ẹtu di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú, ó fajú ro, ó gbọn ọwọ́ náà díẹ̀ bí ìgbà téèyàn ń gbọn aago tó kú, ó tún un mú. Akọ̀wé sáré yíká lẹ́ẹ̀kan, ìrìn ló fi parí èkejì, ojú rẹ̀ sì ń ṣú díẹ̀díẹ̀. Ẹtu tún kà á. Lẹ́yìn náà, ó na ọrùn wo ìwé Akọ̀wé, ó kọ nǹkan sínú tirẹ̀.

"Tiwa fẹ́rẹ̀ẹ́ bára mu," ó wí, ó ń rẹ́rìn-ín.

Akọ̀wé kò lè kọ irú ìyẹn sínú ìrònú rẹ̀ fún tíṣà. Ó ṣí ẹ̀yìn ìwé pátápátá, níbi tí ojú tíṣà kì í dé, ó fi pẹ́ńsù kọ ọ́ síbẹ̀: "Mo tẹ àtàǹpàkò mi mọ́ ọrùn ọwọ́ Ẹtu. Ara rẹ̀ sáré, ọkàn rẹ̀ jókòó. Ó máa ń dákẹ́. Mo parọ́ sínú ìwé nítorí mo rò pé ìwé ló mọ̀ jù mí lọ."

Ní ọjọ́ kejì, nígbà tí tíṣà ń ṣàlàyé nǹkan mìíràn, Akọ̀wé fi àtàǹpàkò tẹ etí bẹ́ǹṣì láìronú. Kì. Kì. Kì. Ó dákẹ́. Ó yí ojú wo Ẹtu. Ẹtu wà níbẹ̀ tó ń ya àwòrán tíṣà tó ní ìrù, kò tiẹ̀ fọwọ́ kan bẹ́ǹṣì.

Láti ọjọ́ náà, ọmọ yìí kò ní ìsinmi mọ́. Ó bá a lára ìlẹ̀kùn láàbù. Ó bá a lára òpó góòlù, lára irin tútù bẹ́ẹ̀, nígbà tí tíṣà eré ní kí wọ́n dì í mú kí wọ́n na ẹsẹ̀. Ó bá a lára ìdí korobá. Kò sí ohun líle tó máa tẹ̀ tí nǹkan náà kò ní dá a lóhùn láti inú rẹ̀. Ó tẹ ọrùn ọwọ́ ara rẹ̀ wò, ó bá a níbẹ̀ pẹ̀lú, bó ṣe wà lára òpó bẹ́ẹ̀ ló wà lára rẹ̀. Ìyẹn ló bà á lẹ́rù jù. Ó gbà pé ohun tí kò bá Ẹtu sáré ti tẹ̀ lé òun wọlé.

Nínú láàbù, bàbá àgbàlagbà kan wà tó ń fọ ìgò, Bàbá Ìgò ni wọ́n ń pè é. Ó ní kí Akọ̀wé bá òun gbé ọkàn tí wọ́n fi amọ̀ mọ, èyí tó máa ń là sí méjì, tí ọ̀dà pupa àti búlúù ti ń bó lára rẹ̀, padà sórí pẹpẹ. Akọ̀wé gbé e. Ó lù. Díẹ̀ ló kù kó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Rọra o, ọmọ mi! Òun nìkan la ní."

"Bàbá, ṣé ó ń lù ni?"

Bàbá Ìgò wò ó lókè wò ó nísàlẹ̀. Ó nu àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ mọ́ ṣòkòtò, ó gbé e lé ọkàn amọ̀ náà, ó dẹ etí. "Ó ti tó ọdún mẹ́rìndínlógún tí mo ti ń fọ ọ́," ó wí, "kò kí mi rí." Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n nígbà tó rí ojú ọmọ náà, ẹ̀rín náà kú. "Lọ jókòó. Àwọ̀ ètè ẹ ti ṣí."

Akọ̀wé kò jókòó. Ó tún àtàǹpàkò gbé lé ọkàn amọ̀ náà. Ó wà níbẹ̀.

Nílé, ìyá rẹ̀ tó ń ránṣọ bá a níbi tó di ẹ̀rọ ìránṣọ mú, tí ẹ̀rọ náà kò sì ṣiṣẹ́.

"Kí ló dé tó o fi di ẹ̀rọ mi mú bíi pé ó fẹ́ sá lọ?"

"Kò sí, Mọ́mì."

"Kò sí ló ń mú ẹ rù báyìí? Àtẹ̀gùn mẹ́sàn-án péré lo gùn wọlé, ò ń mí bí ẹni tó ru búlọ́ọ̀kù. Wá jẹun."

"Mọ́mì, béèyàn bá mọ nǹkan kan nípa ọ̀rẹ́ ẹ̀, tó sì jẹ́ pé tó bá sọ ọ́, ọ̀rẹ́ náà ò ní gba tiẹ̀ mọ́ ńkọ́?"

Ìyá rẹ̀ fi abẹ́rẹ́ sẹ́nu. Ó yọ ọ́ kúrò. "Ṣé nǹkan tó lè pa á lára ni?"

"Ó lè pa á."

"Kí lo wá ń dúró dè?"

Ohun tó ń dúró dè yé e dáadáa. Lọ́jọ́ tó bá jẹ́wọ́ pé òun lọ nọ́ńbà, kò ní jẹ́ Akọ̀wé mọ́. Ẹtu ò sì ní lè sáré, ọ̀fẹ́ yẹn á sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí kò bá sọ ọ́, Ẹtu á sá eré tó le jù nínú ayé rẹ̀ pẹ̀lú ọkàn tó ń dákẹ́. Akọ̀wé sì ti ń ka ìdákẹ́ náà báyìí. Níbẹ̀rẹ̀, kò lè kà ju ọ̀kan lọ kó tó padà lù. Ó di èjì. Nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́rin kí ìdíje wáyé, ó tẹ ojú fèrèsé kíláàsì, ó kà á dé ẹ̀ta.

Kò dúró kí ilé ìwé jáde. Ó lọ sí yàrá àwọn tíṣà. Tíṣà sáyẹ́ǹsì ń máàkì ìwé, ti Akọ̀wé ló wà lókè pátápátá, nítorí òun ni wọ́n fẹ́ gbé sórí tábìlì kí àwọn òbí lè rí i.

"Sà, mo lọ nọ́ńbà."

Tíṣà kò gbórí sókè. "Ta ló lọ nọ́ńbà?"

"Èmi ni, sà. Ti Ẹtu. Ọkàn ẹ̀ máa ń dákẹ́. Ó sáré, ọkàn ẹ̀ ò sáré. Mo wá kọ ohun tó wà lójú bọ́ọ̀dù."

Tíṣà fi bíírò sílẹ̀. "Ẹ̀ẹ̀mejì lo kà á?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Bákan náà ni méjèèjì."

"Ó dá ẹ lójú?"

"Ó dá mi lójú, sà."

"Ká ní ẹlòmíì ló sọ ọ́ ni, ẹ̀rín ni ǹ bá rín." Ó wò ó pẹ́, ìbànújẹ́ wà lójú rẹ̀, ó sì mú ìwé Akọ̀wé kúrò lókè àwọn tó kù, ó dá a padà fún un. Kò bi í bó ṣe kà á. Ta ló ń bi Akọ̀wé bó ṣe ka nǹkan?

Wọ́n pe Ẹtu. Tíṣà di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú, ó wo aago, ó kà á. Ó tún un kà. "Ó ń lọ déédéé," ó wí, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò tú. "Irú ẹ̀ máa ń sá pamọ́ nígbà míì. Mi ò lè fi ọmọ ọlọ́mọ dán an wò." Nọ́ọ̀sì kọ lẹ́tà sí ilé ìwòsàn. Ọjọ́ tí wọ́n fún un níbẹ̀ jẹ́ ọjọ́ kẹta lẹ́yìn ìdíje. Kó tó di ìgbà náà, Ẹtu kò gbọ́dọ̀ sáré.

Ẹtu dúró de Akọ̀wé lẹ́nu ọ̀nà.

"Kí ni mo ṣe fún ẹ?"

"Ọkàn ẹ ni, Ẹtu. Ó ń dákẹ́."

"Ẹnu ẹ ni ì bá dákẹ́." Omi lé ròrò sójú rẹ̀, ó sì kọ̀ láti jẹ́ kó bọ́. "Kí ni mo fẹ́ sọ fún bàbá mi báyìí? Ṣé pé Akọ̀wé kọ ọ́ ni?"

Láti ọjọ́ yẹn, ó gbé báàgì rẹ̀ lọ sórí bẹ́ǹṣì mìíràn. Ọ̀rọ̀ náà dun Akọ̀wé wọ egungun, ṣùgbọ́n ó ń sọ fún ara rẹ̀ pé ẹni tó ń bínú ṣì wà láàyè.

Ọjọ́ ìdíje pé. Wọ́n ti fi ẹfun fa ìlà sórí pápá, àwọn òbí ti jókòó sábẹ́ tapólì, àwọn àlejò mẹ́ta tó wá ṣa eléré ìje jókòó síwájú pẹ̀lú fìlà ilé ìwé tí wọ́n fún wọn. Ẹtu ni wọ́n ní kó máa ṣọ́ báàgì gbogbo kíláàsì lábẹ́ igi. Eré tó kẹ́yìn ni rílè, èyí tí àwọn mẹ́rin máa ń fi ọ̀pá lé ara wọn lọ́wọ́. Tíṣà eré gbé fọ́ọ̀mù sókè.

"Orúkọ márùn-ún ló wà níbí. Ẹtu ò sí. Ta ni ìkarùn-ún?"

Gbogbo wọn wo Akọ̀wé. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ fọ́ọ̀mù yẹn ní oṣù tó kọjá. Àyè márùn-ún ló wà, àwọn mẹ́rin ló ń sáré, kò sì lè fara da àyè tó ṣófo, ló bá kọ orúkọ ara rẹ̀ sí i kí fọ́ọ̀mù náà lè kún.

"Mà, mi ò lè sáré."

"Ṣáà gba ọ̀pá kó o yí pápá po lẹ́ẹ̀kan. Bí wọn ò bá pé mẹ́rin, wọn ò ní sá rárá."

Òun ló yọ Ẹtu kúrò, ẹnu wo ló fẹ́ fi kọ̀? Ó tiẹ̀ tù ú nínú díẹ̀. Ó sàn kí òun, tí nǹkan kan kò ṣe, gbẹ̀yìn nínú eré ju kí Ẹtu kú nínú rẹ̀. Ó lọ dúró sídìí ìlà, ó di ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ní ẹ̀ṣẹ́, àtàǹpàkò rẹ̀ sì tẹ ìka tó ti san. Kì. Kì. Ó dákẹ́. Ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta. Kìkìkì.

Fèrè dún. Ẹni àkọ́kọ́ sá tirẹ̀, ó fi ọ̀pá lé ẹnì kejì lọ́wọ́. Ariwo sọ. Kíláàsì wọn ló wà níwájú. Nígbà tí ẹnì kẹta gba ọ̀pá, Akọ̀wé rí Ẹtu tó ń gba àárín pápá bọ̀, ibi tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ gbà. Ìwé kan wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ń sáré níwájú àwọn àlejò bí kò ṣe sá a rí, tíṣà eré ń fun fèrè lé e lórí, kò yíjú padà. Akọ̀wé rò pé ó ti parí nìyẹn. Ẹtu ti ṣí ìwé òun, ó ti rí ohun tí òun kọ sẹ́yìn ibẹ̀, ó ń bọ̀ wá lu òun lójú gbogbo ayé.

Ẹtu dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó na ìwé náà sí i lójú. Ìka rẹ̀ wà lórí ìlà tí Akọ̀wé fi pẹ́ńsù kọ.

"Àtàǹpàkò! Ṣé àtàǹpàkò lo fi kà mí?"

"Ìka mi jó nígbà yẹn, ṣé o ò rí i ni?"

"Tíṣà sọ ọ́! Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn tó o lọ wé báńdéèjì. Wọ́n ní a ò gbọ́dọ̀ fi àtàǹpàkò kà á. Iṣan tó ń lù wà nínú àtàǹpàkò fúnra ẹ̀." Ó ṣí ìwé náà sí ojú ewé tó ṣófo, tí kò sí nǹkan kan níbẹ̀ ju àkòrí àti nọ́ńbà igun lọ. "O ò kọ ọ́. Nínú gbogbo nǹkan tó o ń kọ, o ò kọ ìyẹn. Kì í ṣe tèmi lo kà. Tìẹ ni."

Akọ̀wé gbọ́ ọ, ó sì kọ́kọ́ dà bí ẹni tí kò gbọ́. Etí bẹ́ǹṣì, òpó góòlù, ẹ̀rọ ìránṣọ ìyá rẹ̀, ọkàn amọ̀, gbogbo wọn padà wá sójú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Kò sí ohun tó wà nínú ìkankan wọn. Òun ló ń gbé e dé ọ̀dọ̀ wọn.

"Ìwọ ńkọ́?" ó bi í. "Ìka tó yẹ lo fi kà mí. Kí lo bá níbẹ̀?"

Ẹtu wo ojú ewé tó ṣófo náà.

"Ẹtu."

"Ó ń dákẹ́," Ẹtu wí, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀ pátápátá. "Mo rò pé èmi ni mi ò mọ̀ ọ́n kà. Ìwé ẹ ni mo wò. Iye tó o kọ ni mo kọ."

Ẹnì kẹta ti yọ ní kọ́nà. Ó ń bọ̀ kíkankíkan, ojú rẹ̀ ti pọ́n, ó ti na ọ̀pá síwájú. Gbogbo kíláàsì dìde dúró, wọ́n ń pariwo orúkọ kan náà: Akọ̀wé! Akọ̀wé! Ọwọ́ rẹ̀ ti nà sẹ́yìn láìròtẹ́lẹ̀, bí tíṣà eré ṣe kọ́ wọn. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti gbéra.

Ó pa ọwọ́ náà dé.

Ọ̀pá bọ́ lulẹ̀, ó yí lọ sínú koríko. Ariwo tó sọ lẹ́yìn ìyẹn kì í ṣe ti ayọ̀ mọ́. Akọ̀wé rọra jókòó sórí ìlà ẹfun níwájú òbí, níwájú àlejò, níwájú tíṣà sáyẹ́ǹsì tó ti dìde lórí àga rẹ̀ tó sì ń bọ̀. Ẹ̀rù ń bà á gan-an. Ó ń gbọ́ ìdákẹ́ náà báyìí láìtẹ ohunkóhun, nínú àyà ara rẹ̀. Ọ̀kan. Èjì. Ẹ̀ta. Ẹ̀rin. Ó padà lù.

Ẹtu ti kúnlẹ̀ tì í. Ó di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú, ó gbé ìka méjì lé e, ó wo aago ọwọ́ tíṣà eré, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé sídìí wọn pẹ̀lú ìbínú lójú, tó sì jẹ́ kí fèrè bọ́ kúrò lẹ́nu nígbà tó rí wọn. Ètè Ẹtu ń mì bó ṣe ń kà. Nígbà tó parí, ó fa pẹ́ńsù yọ láti inú irun rẹ̀, ó fi ìwé náà lé itan, ó wá dúró.

"Kí ni mo máa kọ?" ó béèrè. Omijé ti dé ẹnu rẹ̀. "Kò jọ nǹkan tó wà nínú ìwé rárá."

"Kọ ọ́ bó ṣe rí," Akọ̀wé wí.

Ẹtu sì kọ ọ́.